Fèrèsé Ṣíṣí Àbí Fèrèsé Títì: Ìdáhùn fún Tọkọtaya Tó Fẹ́ Wá Gbé ní Àgbádárìgì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ará Jámánì ni ọkọ mi. Ó ti pé ọdún 29 tí mo ti wà ní Hamburg. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, èmi náà á fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. A ti ra ilẹ̀ sí Àgbádárìgì, kò jìnnà sí ọ̀sà, ibẹ̀ la sì fẹ́ máa gbé títí ayé wa. Ọkọ mi fẹ́ kí ilé náà rí bíi ti Jámánì: fèrèsé onígíláàsì méjì tó ń dé pinpin, ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo yàrá. Èmi ń rántí ilé ìyá mi àgbà tí fèrèsé ẹ̀ kì í tì. Ojoojúmọ́ la ń fà á. Ta ló jàre? Báwo la sì ṣe máa gbé níbẹ̀ tí ara ò fi ní ni wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú òtútù o, àbúrò mi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú kálámù, torí ọ̀rọ̀ fèrèsé tí ẹ̀ ń fà yẹn, mi ò kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi ọdún 31 ṣe, Àgbádárìgì níbí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo ti wọ ilé apẹja, mo ti wọ ilé olóyè, mo ti wọ ilé àwọn tó ti òkè òkun dé. Ilé tí afẹ́fẹ́ ò bá gba inú ẹ̀ kọjá, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbóòórùn ẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n kì í ṣe tán-án-tán. Yàrá kan wà tí màá fi ṣe ti ọkọ yín. Màá débẹ̀.

Ẹ bi í léèrè ohun tó máa ń ṣe láràárọ̀ ní Hamburg. Á sọ fún yín pé òun máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òun á sì tì í padà. Àwọn ará Jámánì kì í fi àṣà yẹn ṣeré rárá, ó sì tọ̀nà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ìta wọn gbẹ. Tó bá wọlé, á gbé ọ̀rinrin inú ilé jáde, ara ògiri á sì gbẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, òdìkejì gbáà ni. Afẹ́fẹ́ ìta wa ló ru omi. Tí ẹ bá fi éésì mú yàrá tutù di 18, tí ọkọ yín wá ṣí fèrèsé láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ yẹn á lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá tutù nínú yàrá. Ẹ mọ bí ìgò omi inú fíríìjì ṣe máa ń làágùn tí ẹ bá gbé e sórí tábìlì. Ògiri yín á làágùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù yín náà á làágùn. Ní etíkun wa yìí, lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, ohun tó bá ti tutù tó nǹkan bí 23 tàbí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi sára. Ìdí nìyẹn tí àṣà tó dáa ní Hamburg fi lè ba ilé jẹ́ níbí.

Mo wọ ilé irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ rí. Òyìnbó ni ọkọ, tiwa ni ìyàwó. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé ni àwọn méjèèjì ti ń wúkọ́, wọ́n sì rò pé eruku ọ̀nà ló fà á. Ilé náà mọ́ tónítóní, kò sí ohun tí wolé-wolé kan lè bá wí. Mo ní kí wọ́n bá mi sún wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti dú bí ìdí ìkòkò, ọ̀dà ara ògiri ti rọ̀ débi pé mo tẹ èékánná mọ́ ọn, ó wọlé. Ìyàwó fa bàtà aláwọ kan jáde láti ìsàlẹ̀. Bàtà tí ọkọ ẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ni. Ó ti bu, ó funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ lé e lórí. Obìnrin náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó ń nù ún, kò sọ̀rọ̀. Tí mo bá ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ilé etí ọ̀sà, bàtà yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ parí ìjà yín nìyí. Yàrá tí ẹ̀ ń sùn, ẹ kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọkọ yín ṣe fẹ́: kí ilẹ̀kùn ẹ̀ dé, kí gíláàsì ẹ̀ dé, kí éésì wà níbẹ̀. Ẹ fi sí 26, kí fáànù máa yí lórí yín. Ara á tù yín bí ẹni tó fi sí 22, ògiri ò sì ní làágùn. Tí éésì bá ń ṣiṣẹ́, kí fèrèsé wà ní títì. Tí ẹ bá pa á, kí ẹ ṣí gbogbo ẹ̀. Má-ṣe-é-pọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ìyókù ilé, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá, kí nẹ́ẹ̀tì wà lójú gbogbo fèrèsé. Wọ́dúróòbù, ẹ má gbé e ti ògiri ìta. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ gba àárín òun àti ògiri. Kí ilẹ̀kùn ẹ̀ ní ihò.

Ẹni tó máa ya àwòrán ilé fún yín, ẹ bi í bóyá ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ní etíkun wa, láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, láti orí òkun. Ọyẹ́ nìkan ló ń ti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn bọ̀, kì í sì í pẹ́ lọ. Yàrá tó ní fèrèsé lápá kan ṣoṣo kò ní atẹ́gùn. Atẹ́gùn tí kò bá rí ọ̀nà jáde ò ní wọlé. Kí fèrèsé kọjú síra wọn. Oòrùn wa sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán lórí ẹni lọ́sàn-án, àwọn ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni í máa ń jó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má fi yàrá tí ẹ̀ ń sùn sí ìwọ̀-oòrùn. Kí etí òrùlé gùn jáde dáadáa, kí ó ṣíji bo ògiri, kí òjò má sì fẹ́ wọlé nígbà tí fèrèsé bá ṣí. Ilé ìyá yín àgbà ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí, láìsí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Iyọ̀ ló tún kù. Ọ̀sà ló wà níwájú Àgbádárìgì, lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí Gberefu wà, lẹ́yìn Gberefu ni òkun. Ìgbì tó ń fọ́ sí etí òkun níbẹ̀ ń fọ́n iyọ̀ sínú afẹ́fẹ́, atẹ́gùn sì ń gbé e wá bá wa. Bí ilé bá ṣe súnmọ́ òkun tó ni ìyà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kọ́kọ́rọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú àgádágodo. Ìdè ilẹ̀kùn á máa ké. Ìṣó orí òrùlé á jẹra kí páànù fúnra rẹ̀ tó jẹra. Ẹ lo páànù alumíníọ̀mù, ẹ má lo onírin. Ìdè àti ìṣó, kí ó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí ẹ sì rà á bọ̀ láti Hamburg tí àyè bá wà nínú ẹrù. Ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ ẹ̀yìn éésì tó wà níta lóòrèkóòrè, á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Lórí yanrìn, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ilé témi náà ń gbé yìí, ẹni tó kọ́ ọ fún mi da yanrìn etí òkun mọ́ ti odò, torí ó pọ́ọ́kú, kò sì sọ fún mi. Ọdún kẹsàn-án ni ìsàlẹ̀ dẹ́kìn iwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ègé símẹ́ǹtì tó tó abọ́ ìfọṣọ já lulẹ̀ síbi tí ọmọ-ọmọ mi ti ṣeré lọ́sàn-án. Nígbà tí mo gbójú sókè, irin inú ẹ̀ ti pupa, ó ti wú, ó ti ń rún bí àkàrà gbígbẹ. Iyọ̀ inú yanrìn ló jẹ irin náà láti inú. Ẹ wà níbẹ̀ fúnra yín, tàbí kí ẹ fi ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé síbẹ̀, lọ́jọ́ tí tírélà bá ń já yanrìn. Ẹ bu díẹ̀, ẹ fi kan ahọ́n.

Omi náà ń kọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí bọ̀hóò bá ṣe jìn tó ló ṣe dára tó. Ní etíkun, omi dídùn ló léfòó sórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀, torí omi iyọ̀ wúwo jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀: níbi tí omi dídùn bá ti ga ju òkun lọ ní mítà 1, nǹkan bí mítà 40 omi dídùn ló wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀. Tí ẹ bá wá ń fa omi lọ́pọ̀ lọ́pọ̀ láti ojú kan náà, omi dídùn á lọ sílẹ̀ díẹ̀, ti oníyọ̀ á sì gòkè púpọ̀. Bí kànga tó dùn lọ́dún yìí ṣe ń di oníyọ̀ lọ́dún mélòó kan nìyẹn. Ẹ fa ìwọ̀nba, ẹ gbe omi òjò pamọ́, kí kànga sì jìnnà sí ibi tí ìgbẹ́ ń lọ ní mítà 30 ó kéré tán.

Ní ti ara yín. Ara ọkọ yín nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń làágùn níbí, tiyín náà nílò ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kí ó má gbé ọkọ́, kí ó má gun àkàbà láti tún òrùlé ṣe. Àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Kí ó máa mu omi kí òùngbẹ tó dé. Tí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀, kí ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Hamburg, torí ìwọ̀n tó bá a mu nínú òtútù lè má bá a mu nínú ooru. Oògùn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó má kọjá 30, kò gbọdọ̀ wà lójú fèrèsé.

Ẹ̀fọn ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Ẹ̀yin lè máa rò pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú wà lára yín, pé ibà kò lè ṣe yín ju ẹ̀fọ́rí lọ. Ó ti lọ, àbúrò mi. Agbára tí ara fi ń bá ibà jà, títọ́ la ń tọ́ ọ nípa pé ẹ̀fọn ń jẹ wá lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti kúrò fún ọdún bíi mélòó kan, ara rẹ̀ á ti máa gbàgbé. Lójú ibà, ìwọ àti ọkọ rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, mo sọ "ìwọ" níbẹ̀ torí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Àwọn èèyàn wa tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ ni mo máa ń rí tí wọn kì í ta nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ń ta tiẹ̀. Ẹ ta á, èyí tó lóògùn lára, ẹ̀yin méjèèjì. Òru sí ìdájí ni ẹ̀fọn ibà máa ń jẹ jù. Tí ara bá gbóná, ẹ má fi ọgbọ́n orí tọ́jú ẹ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá sì padà lọ kí àwọn ará Hamburg, tí ibà wá mú yín níbẹ̀, kódà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà ni pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀.

Láti ẹyin sí ẹ̀fọn tó ń fò, bí ọjọ́ 7 sí 14 ni. Ìdí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn nìyí pé kí wọ́n ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí àárọ̀ Sátidé, tí wọ́n á yí àgbàlá ká. Ẹ da omi inú abọ́ òdòdó nù, ẹ wo inú gọ́tà, ẹ wo èèpo àgbọn. Ní Àgbádárìgì, àgbọn wà níbi gbogbo, ìlàjì èèpo kan tó dojú kọ òkè lè gba omi òjò tó tó tanwíjí ọgọ́rùn-ún. Ẹ dojú ẹ̀ dé. Inú irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri ń yé sí jù. Ti ibà lásán fẹ́ràn kòtò omi tí oòrùn ń pa. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ má gbàgbé láti mú un dání tí ẹ bá ń bọ̀.

Ọjọ́ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ níbí, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ó máa kọ́kọ́ dun ọkọ yín. Nínú oṣù kẹfà, ilẹ̀ Hamburg kì í ṣú títí di bí aago mẹ́wàá alẹ́. Níbí, aago méje àbọ̀ ilẹ̀ ti ṣú, lóṣù kìíní ni o, lóṣù kẹfà ni o. Á ṣe é bí ẹni pé wọ́n gba ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìdájí san án fún un. Kí ẹ jí ní aago márùn-ún àbọ̀, kí ẹ rìn lọ sí etí ọ̀sà kí oòrùn tó le. Àkókò yẹn ni ọkọ̀ ẹja ń gúnlẹ̀. Ẹ máa rí ẹ̀pìyà tí ìrù rẹ̀ ṣì ń na ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ máa rí akàn tí wọ́n fi okùn di lẹ́sẹ̀. Ọjà tó bá ti pé aago mẹ́sàn-án, ẹja inú ẹ̀ ti ń wá yìnyín. Láti ọjọ́kanrí títí di aago mẹ́rin, ẹ jókòó síbòòji, ẹ sùn, kò sí ẹni tó máa bi yín. Aago mẹ́rin, atẹ́gùn òkun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Tí ọkọ yín bá mọ ìwẹ̀ odò dáadáa, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Etí òkun tó kọjá Gberefu rẹwà, ẹsẹ̀ á dùn ún rìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ń fa èèyàn lọ sínú. Kí ó wo ó, kí ó má wọ̀ ọ́. Tó bá ṣèèṣì wọ̀ ọ́ tí omi sì ń gbé e lọ, kí ó má ṣe wẹ̀ padà sí etí ní tààrà, agbára rẹ̀ á tán. Kí ó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń tẹ̀lé etí òkun, títí tí omi á fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀, kúkúrú ni màá sọ ọ́. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọkùnrin wa lè forúkọ sílẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ obìnrin wa kò ní ọ̀nà yẹn. Àfi kó ti gbé nílẹ̀ yìí ọdún 15 kó tó tọrọ ẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn. Ẹ wá lọ́yà kí ẹ tó kó bọ̀, fún ìwé ìgbélùú rẹ̀ àti fún orúkọ tó máa wà lórí ìwé ilẹ̀. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ọ̀nà ẹnubodè, lẹ sì wà. Àwọn agbófinró pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Kí ó máa mú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ dání, kódà tó bá jẹ́ búrẹ́dì ló fẹ́ lọ rà.

Ohun kan wà tí ẹ ò bi mí. Ẹ kọ lẹ́tà yín bí ẹni tó ń padà sílé tó sì ń mú àlejò bọ̀. Àbúrò mi, ilé Ẹ̀gùn ni Àgbádárìgì. Ààfin Akran, ọba Àgbádárìgì, ló wà níbí, kì í ṣe ti Awùjalẹ̀. Tí àwọn ìyá bá ń sọ̀rọ̀ ní ọjà Agbalata, ẹ̀yin náà ò ní gbọ́. Àwọn ọmọdé á máa pe ọkọ yín ní yovó, ìyẹn òyìnbó, wọ́n á sì máa wo bàtà tiyín náà. Mo rí àwọn ìyàwó tó fi ọdún kan ṣe ògbufọ̀ fún ọkọ wọn ní ìlú tí àwọn fúnra wọn ò mọ̀, tí ó wá rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì rò pé ọkọ ló rẹ̀ wọ́n. Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ́ Ẹ̀gùn pọ̀, lọ́dọ̀ aládùúgbò kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Tí wọ́n bá kéde pé Sàngbétò, eégún àwọn Ẹ̀gùn, ń jáde, ẹ jọ jókòó sílé. Kí òun náà ní ohun tí yóò máa ṣe láìsí yín níbẹ̀: ọgbà àgbọn, ọkọ̀ ojú omi, ohunkóhun tí yóò jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ tiyín. Àwọn ẹbí yín láti Ìjẹ̀bú á máa wá, ó sì yẹ kí wọ́n wá. Ẹ tètè sọ fún un láti ìsinsìnyí pé wọ́n lè wá láìkọ lẹ́tà.

Ẹ má tíì da ìpìlẹ̀ o. Ó dá mi lójú pé oṣù Kejìlá lẹ wá wo ilẹ̀ náà, torí oṣù Kejìlá ni gbogbo èèyàn òkè òkun máa ń wá, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí ọ̀run mọ́. Ẹ gba ilé kékeré kan ní àdúgbò yẹn, ẹ gbé inú ẹ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, kí ẹ fi ojú yín rí òjò oṣù kẹfà. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ẹ wọ bàtà ọ̀rá, ẹ mú igi méjì tàbí mẹ́ta dání, ẹ lọ sórí ilẹ̀ yín, ẹ rì wọ́n mọ́ ibi tí omi dé. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ padà lọ wò ó bóyá omi ti kúrò lẹ́sẹ̀ igi. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà náà, kí ẹ sọ ibi tí omi dúró sí fún mi, a ó wá sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa kọ ojú ilé sí.